Gáàsì Wà Níbẹ̀ Rẹpẹtẹ, Kí Ló Dé Tí Gálásì Ò Bí Ìràwọ̀ Mọ́?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìfẹ́ o. Látìgbà tí a ti gbé ọ̀rọ̀ M87 jáde, gálásì (ìyẹn àkójọ bílíọ̀nù-bílíọ̀nù ìràwọ̀) tí wọ́n ya fọ́tò black hole inú ẹ̀ (ohun tó ń fa nǹkan mọ́ra débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá ò lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀) tí wọ́n sì fi han gbogbo ayé ní April 10, 2019, ìbéèrè yín ò jẹ́ kí n rímú mí. Mo rò pé black hole yẹn lẹ máa béèrè, àṣé gálásì fúnra ẹ̀ ló ń jẹ yín lọ́kàn, pàápàá gbólóhùn kan tí mo kàn sọ wéré kọjá pé M87 ti ṣíwọ́ ìràwọ̀ bíbí tipẹ́tipẹ́. Mo ti ṣa díẹ̀ nínú ìbéèrè yín, mo gé àwọn tó gùn jù, mo sì pa àwọn tó jọra pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Fọ́tò M87 tí ẹ gbé síbẹ̀, mi ò rí apá kankan lára ẹ̀ o, kò jọ àwọn gálásì tó máa ń lọ́ po tí wọ́n máa ń yà sínú ìwé. Ó kàn rí roboto, àárín ẹ̀ mọ́lẹ̀, etí ẹ̀ ń ṣe fírífírí, ó sì ní àwọ̀ yẹ́lò. Ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n fi yà á ni ò dáa ni àbí bó ṣe rí nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Bó ṣe rí nìyẹn, àbúrò, ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan. Irú gálásì bẹ́ẹ̀ là ń pè ní ẹlípítíkà. Ó lè rí roboto, ó lè gùn bí ẹyin, àmọ́ kì í ní apá, eruku dúdú tó la àárín Milky Way, gálásì tiwa, kọjá yẹn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Edwin Hubble ará Amẹ́ríkà ló tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ ní 1926, ó pè wọ́n ní E0 títí dé E7: E0 ni èyí tó rí roboto pátápátá lójú wa, E7 ni èyí tó tẹ́ jù. Ẹ kíyè sí i pé mo ní "lójú wa" o, torí nǹkan tó gùn gan-an, tó bá kọ orí sí yín, roboto lẹ máa rí i, nítorí náà nọ́ńbà yẹn ò fi gbogbo ara sọ bí gálásì ṣe rí, bó ṣe kọjú sí wa náà wà ńbẹ̀.

Nǹkan méjì ló mú kó yàtọ̀. Àkọ́kọ́ ni bí ìràwọ̀ inú ẹ̀ ṣe ń rìn. Nínú Milky Way, èyí tó pọ̀ jù nínú ìràwọ̀ ló jùmọ̀ ń yí àárín po sí apá kan náà, lórí ibì kan tó rí pẹlẹbẹ, oòrùn wa náà wà lára wọn. Nínú ẹlípítíkà ńlá bíi M87, kálukú ló ń bá tiẹ̀ lọ, ọ̀kan ń gòkè, ọ̀kan ń sọ̀ kalẹ̀, òmíràn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, bí ìgbà tí oyin bá ru sókè yí ilé wọn ká. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó rí pẹlẹbẹ. (Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo wọn ló ń ṣe báyìí o. Nígbà tí wọ́n yẹ gálásì 260 tí ò ní apá wò fínnífínní, nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní ATLAS3D, wọ́n rí i pé èyí tó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló ṣì ń yí po dáadáa, àwọn òmìrán bíi M87 ni yíyí wọn ò tó nǹkan.)

Èkejì ni àwọ̀. Ìràwọ̀ aláwọ̀ búlúù tóbi, ó gbóná, ó sì ń jó ohun tó ní ní ìjókújòó, kò ní pẹ́ láyé, mílíọ̀nù ọdún mélòó kan ló máa lò, ìràwọ̀ míì á lo mílíọ̀nù lọ́nà ogún tàbí ọgbọ̀n, ó parí. Oòrùn wa á lo bíi bílíọ̀nù ọdún 10. Àwọn kékeré pupa yẹn ńkọ́, àgbáyé tó ti pé bílíọ̀nù ọdún 13.8 yìí ò tíì dàgbà tó kí ẹyọ kan nínú wọn darúgbó kú. Torí náà bí gálásì bá ṣíwọ́ ìràwọ̀ bíbí, àwọn búlúù ló kọ́kọ́ ń lọ, kò sì ní sí arọ́pò, àwọn tó ṣẹ́kù á wá fún gbogbo ẹ̀ ní àwọ̀ yẹ́lò tó ń pọ́n lọ. Ohun tí o rí nínú fọ́tò nìyẹn. Ìràwọ̀ wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ọmọdé ni ò sí láàárín wọn.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ wa ní gálásì alápá méjì ló máa ń kọlura tí wọ́n á fi di ẹlípítíkà. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé àwọn ìràwọ̀ yẹn ò ní fọ́ ara wọn túútúú ni?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni olùkọ́ yín sọ, àmọ́ ó ku ìdajì tí kò sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti fífọ́. Ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn wa jù lọ, ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ máa rin ọdún mẹ́rin àti díẹ̀ kó tó débẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ìràwọ̀ sí ìràwọ̀ pọ̀ débi pé gálásì méjì lè wọnú ara wọn, kí wọ́n já sódì kejì, kí ìràwọ̀ má sì fara kan ìràwọ̀. Gáàsì ni kò rí bẹ́ẹ̀. Gáàsì máa kọlu gáàsì, á rọ́ lọ sí àárín, á fún pọ̀, ìràwọ̀ tuntun á wá máa tú jáde wìtìwìtì. Ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ nínú Antennae, gálásì méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ NGC 4038 àti NGC 4039, tí wọ́n ti wọra wọn báyìí: àárín wọn kún fún àwọn àkójọ ìràwọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, ìrù méjì gbọọrọ tó jẹ́ ìràwọ̀ àti gáàsì sì já síta lẹ́yìn wọn.

Ìrù yẹn dá awuyewuye sílẹ̀ láyé ìjọ́sí, àwọn kan ò gbà pé fífà tí gálásì ń fa ara wọn nìkan lè ṣe irú ẹ̀. Alar Toomre àti àbúrò ẹ̀, Juri Toomre, fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ẹ̀ ní 1972 (kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn o, fóònù ọwọ́ yín lágbára jù ú lọ fíìfíì), ìrù náà sì jáde wẹ́rẹ́ bó ṣe wà lójú ọ̀run gẹ́lẹ́. Nígbà tó di 1977, Alar wá là á mọ́lẹ̀ pé ohun tó máa ṣẹ́kù lẹ́yìn irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ á di ẹlípítíkà, torí ìkọlù yẹn ti da ìrìn àwọn ìràwọ̀ rú, kò ní sí pẹlẹbẹ mọ́.

Ìdajì tó kù ni pé àwọn gálásì alápá tí à ń rí lónìí kọ́ ló para pọ̀ di àwọn òmìrán ẹlípítíkà. Ohun tó wà nínú ìràwọ̀ wọn ló tú àṣírí. Ìràwọ̀ ńlá tó bá bú gbàù máa ń fọ́n magnesium àti oxygen káàkiri, kì í sì í pẹ́ tó fi ń bú. Irú ìbúgbàù kejì, èyí tó máa ń ti ara òkú ìràwọ̀ kékeré wá, ló ń kó irin tó pọ̀ jù jáde, ìyẹn sì máa ń pẹ́, ó lè gba bílíọ̀nù ọdún. Tẹ́ ẹ bá wá wo ìmọ́lẹ̀ àwọn ẹlípítíkà ńlá, magnesium pọ̀ nínú wọn ju bó ṣe yẹ lọ tẹ́ ẹ bá fi wéra pẹ̀lú irin. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kí irin tó dé, wọ́n ti bí èyí tó pọ̀ jù nínú ìràwọ̀ wọn tán, láàárín bíi bílíọ̀nù ọdún kan péré tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Milky Way ò ṣe bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń bí tiẹ̀ títí dòní.

Nítorí náà ìpele méjì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà báyìí. Láyé àtijọ́, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gáàsì ya lu ibì kan náà, ìràwọ̀ bí yàà, gálásì kékeré kan tó ki gan-an jáde, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá ń gbé àwọn gálásì kéékèèké tó bá yà sọ́dọ̀ ẹ̀ mì, ìràwọ̀ wọn á lọ dúró sí ìta, gálásì á máa fẹ̀ sí i láìbí ìràwọ̀ tuntun kan tó jọjú. Àwọn àtijọ́ yẹn fi ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún kéré sí àwọn tó wúwo tó wọn lónìí. Kódà wọ́n ti rí ọ̀kan tó jókòó sí ìpele àkọ́kọ́ látìgbà náà tí kò jẹ ẹnikẹ́ni, NGC 1277, nínú agbo àwọn gálásì tí wọ́n ń pè ní Perseus. Ní 2018, àwọn tó lo awò-awọ̀nàjíjìn Hubble wá àwọn àkójọ ìràwọ̀ tó yẹ kó rí gbà lára àwọn gálásì kéékèèké, wọ́n wá a tì. Èmi fẹ́ràn NGC 1277 ju M87 lọ, ká má parọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé M87 ló gbajúmọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Tí nǹkan bá tán, ó tán náà nìyẹn. Gálásì lo gáàsì ẹ̀ tán, ó dúró. Kí ló wá ṣòro ńbẹ̀ tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pariwo sí?

ÌDÁHÙN: Tó bá jẹ́ pé ó tán ni, ẹjọ́ ò bá ti parí tipẹ́. Kò tán ni wàhálà ibẹ̀, ọ̀gá mi.

Àwọn onímọ̀ náà ronú bíi tiyín tẹ́lẹ̀ o, wọ́n wo ẹlípítíkà títí, wọn ò rí gáàsì tó jọjú, wọ́n ní gbígbẹ ló gbẹ. Ní November 1978 ni Amẹ́ríkà gbé sátẹ́láìtì kan tó ń jẹ́ Einstein lọ sókè, ìtànṣán X-ray ló fi ń wo ojú ọ̀run, ìgbà yẹn lojú là. Àṣé gáàsì bo àwọn ẹlípítíkà ńlá bámúbámú, ó kàn gbóná dé mílíọ̀nù-mílíọ̀nù dígírì ni, ojú lásán ò lè rí i. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn ìràwọ̀ tó ń darúgbó ń tú gáàsì sílẹ̀ lójoojúmọ́, gálásì ńlá kan lè rí èyí tó tó oòrùn kan gbà lọ́dọọdún lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣírò ìyẹn fún bílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá kẹ́ ẹ wò ó.

Ìràwọ̀ ò sì lè ti inú gáàsì gbígbóná jáde. Kí ìràwọ̀ tó bí, ìwúwo gáàsì gbọ́dọ̀ fa ara ẹ̀ wọlé kó ki, gáàsì tó bá gbóná á máa ti ara ẹ̀ padà síta, kò ní gbà. Àwọn ibi tí ìràwọ̀ ti ń bí nínú Milky Way tutù nini, bíi dígírì 260 sísàlẹ̀ òdo. Nítorí náà kì í ṣe pé gálásì yìí ò ní ohun èlò, ohun èlò ò tutù ni.

Ibi tó wá di iṣu ata yán-an yàn-an nìyí. Gáàsì tó ń tan X-ray ń pàdánù ooru ẹ̀, ó yẹ kó tutù. Láàárín àwọn agbo gálásì ńlá, ìṣirò ní kò yẹ kó gbà á ju bílíọ̀nù ọdún kan lọ, àti pé ó yẹ kí gáàsì tó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún oòrùn máa ya wọ gálásì àárín lọ́dọọdún, kí ìràwọ̀ máa bí níbẹ̀ ṣùà. Wọ́n wá ìràwọ̀ yẹn títí, bíńtín ni wọ́n rí. Nígbà tí Chandra àti XMM-Newton, sátẹ́láìtì X-ray méjì míì, gòkè ní 1999, tí wọ́n wo gáàsì yẹn dáadáa, wọ́n rí i pé ó máa ń tutù dé ìwọ̀n kan, á sì dúró síbẹ̀. Nǹkan kan ń tún un gbé kaná.

Black hole ni. Ẹ jẹ́ ká wo Perseus tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, bíi mílíọ̀nù 240 ọdún ìmọ́lẹ̀ ló jìnnà sí wa (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ á rìn dé lọ́dún kan). NGC 1275 ló wà láàárín agbo yẹn, black hole sì wà nínú ẹ̀. Bí nǹkan bá ń bọ́ sí black hole lọ, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa wọlé, díẹ̀ nínú agbára ẹ̀ máa ń fọ́n jáde lọ́nà méjì, sí òkè àti sí ìsàlẹ̀, á gún gáàsì gbígbóná yẹn, á fẹ́ ihò ràgàjì sínú ẹ̀. Ihò wọ̀nyẹn hàn kedere nínú fọ́tò Chandra, wọ́n ń léfòó lọ síta, gáàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì ń ru gùdù. Ní 2003, Andrew Fabian àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Cambridge kéde pé àwọn rí ìgbì tó ń lọ káàkiri inú gáàsì yẹn, ìgbì ohùn gan-an ni o! Ohùn náà bọ́ sí nóòtì B-flat, àmọ́ ó fi òkítéfù 57 wà nísàlẹ̀ àárín dùùrù, ìgbì kan sí èkejì gba bíi mílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá. Kò sí etí tó lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ń gbé ooru kiri.

Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé ó ń ṣọ́ ara ẹ̀. Gáàsì bá tutù, á bọ́ sọ́dọ̀ black hole, black hole á jí, á fọ́n agbára jáde, gáàsì á tún gbóná, kò ní bọ́ wálẹ̀ mọ́, black hole á tún dákẹ́, ló di ìgbà míì. M87 náà ń ṣe é. Heber Curtis ti rí ìlà tóóró kan tó yọ láti àárín ẹ̀ ní 1918, kò mọ ohun tó jẹ́. Lónìí a mọ̀ pé ara agbára tí black hole yẹn ń fọ́n jáde ni, ó gùn tó bíi 5,000 ọdún ìmọ́lẹ̀, black hole tó sì ń fọ́n ọn wúwo tó bílíọ̀nù 6.5 oòrùn.

Lójú tèmi, mímọ ohun tó dá gálásì dúró kọ́ ló le jù, ohun tí kò jẹ́ kó tún bẹ̀rẹ̀ ni. Ohun tó lè dá a dúró pọ̀. Kó dúró fún bílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá, pẹ̀lú gbogbo gáàsì tó yí i ká yẹn, iṣẹ́ ńlá ni. Ó sì láwọn ibi tí ìṣọ́ yẹn ti já: nínú agbo gálásì kan tí wọ́n ń pè ní Phoenix, gáàsì rí ààyè tutù, gálásì àárín wọn sì ń bí ìràwọ̀ tó tó bíi 500 oòrùn lọ́dún kan. Milky Way ò ju ẹyọ kan sí méjì lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, o kú làálàá. Ṣé black hole nìkan ló wá ń ṣe gbogbo ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, mà. Rárá o. Bí gálásì bá ti wúwo tó, tí gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ohun tí a ò lè fojú rí tó yí i ká tó bíi tiriliọ̀nù kan oòrùn, gáàsì tuntun tó bá ń já bọ̀ láti ìta á forí gbá èyí tó wà nílẹ̀, á gbóná kó tó dé inú. Tí gálásì kékeré bá sì ń sáré wọ agbo ńlá, gáàsì gbígbóná ibẹ̀ á fẹ́ gáàsì tiẹ̀ dànù lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ lè rí i lára ESO 137-001, gáàsì ẹ̀ ti di ìrù gbọọrọ lẹ́yìn ẹ̀.

Àmọ́ mà, irú èyí tí gáàsì ẹ̀ fẹ́ lọ yẹn kì í di ẹlípítíkà, á ṣì rí pẹlẹbẹ, kò kàn ní bí ìràwọ̀ mọ́ ni. Òdì kejì náà wà: Centaurus A rí bí ẹlípítíkà, ṣùgbọ́n ó ti gbé gálásì míì mì, eruku àti gáàsì onítọ̀hún ṣì la àárín ẹ̀ kọjá, ìràwọ̀ sì ń bí nínú ẹ̀. Bí gálásì ṣe rí lọ́tọ̀, ìràwọ̀ bíbí lọ́tọ̀, àwọn méjèèjì kàn sábà máa ń rìn pọ̀ ni.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí fídíò kan tó ní awò-awọ̀nàjíjìn James Webb ti rí gálásì tó ti kú (tí ò bí ìràwọ̀ mọ́) nígbà tí àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí náà irọ́ ni Big Bang, ìyẹn àlàyé bí àgbáyé ṣe bẹ̀rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ sọ sí i?

ÌDÁHÙN: Pé ẹni tó ṣe fídíò yẹn sáré jù. Òótọ́ ni wọ́n rí irú gálásì bẹ́ẹ̀. GS-9209 ni mo mọ̀ dáadáa nínú wọn, iṣẹ́ ẹ̀ jáde ní 2023: à ń wò ó bó ṣe wà nígbà tí àgbáyé ṣì jẹ́ ọmọ bílíọ̀nù ọdún 1.25, ìràwọ̀ inú ẹ̀ sì ti wúwo tó bíi bílíọ̀nù 40 oòrùn. Láàárín bíi mílíọ̀nù ọdún 200 ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó wá dákẹ́. Black hole ńlá kan sì wà láàárín ẹ̀, ìyẹn ò yani lẹ́nu mọ́ báyìí.

Ohun tí irú ẹ̀ gbé wá ni pé àwọn mọ́dẹ́ẹ̀lì inú kọ̀ǹpútà wa lọ́ra jù, wọn kì í bí gálásì tó wúwo kí wọ́n sì dá a dúró tètè tó bẹ́ẹ̀ ní iye tí à ń rí. Bí gáàsì ṣe ń di ìràwọ̀, bí black hole ṣe ń tètè dàgbà, ibẹ̀ la ti máa tún ìṣirò ṣe. Big Bang ò sí lórí tábìlì nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

ÌBÉÈRÈ: Milky Way tiwa ńkọ́? Ṣé á di ẹlípítíkà lóòótọ́?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe, kò dájú. Andromeda, gálásì ńlá tó sún mọ́ tiwa jù, jìnnà sí wa ní mílíọ̀nù 2.5 ọdún ìmọ́lẹ̀, ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní bíi kìlómítà 110 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ti ń sọ ọ́ bí ohun tí ò ní yẹ̀ pé wọ́n máa kọlura. Ní 2025, wọ́n tún ìṣirò ẹ̀ ṣe, wọ́n fi àwọn gálásì kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sí i, pàápàá Large Magellanic Cloud, ó wá di pé bíi ìdajì sí ìdajì ni, láàárín bílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá sí àsìkò yìí. Oòrùn wa á ti kú kó tó tó bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ sùn dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé èèyàn lè fojú ara ẹ̀ rí ẹlípítíkà kan?

ÌDÁHÙN: Ojú lásán, rárá. Awò-awọ̀nàjíjìn kékeré, bẹ́ẹ̀ ni. Charles Messier rí M87 ní 1781 pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ò tó èyí tẹ́ ẹ máa rà lónìí. Agbo ìràwọ̀ Virgo ni kẹ́ ẹ wò lálẹ́, ní April tàbí May, níbi tí iná ò sí, lọ́jọ́ tí òṣùpá ò yọ. Ẹ fún ojú yín ní bíi ìdajì wákàtí kó mọ́ òkùnkùn lára, kẹ́ ẹ má sì tẹjú mọ́ ọn tààrà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó, ó máa ń hàn jù bẹ́ẹ̀. Ohun kékeré kan tó funfun fàì tí àárín ẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ lẹ máa rí. Ẹ má retí black hole o, ẹ̀rọ mẹ́jọ káàkiri ayé ni wọ́n so pọ̀ kí wọ́n tó rí ìyẹn yà. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ akọ́ṣẹ́, M49 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, agbo gálásì kan náà lòun àti M87 wà, ó sì mọ́lẹ̀ ju M87 lọ díẹ̀.